Igbe méjì lẹ́nu ológbò kan

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ológbò mi jẹ́ abo, ọmọ ọdún 12 ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti kékeré kó má bàa bímọ, inú ilé ló sì ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti ní in ló ti máa ń fi igbe jí mi ní ìdájí kí n lè bu oúnjẹ fún un, ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àfaradà. Á dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago 2 òru, á máa ké igbe gígùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo rò pé ebi ni, mo fi kún oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ tán, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ọmọkùnrin mi ní kí n máa fọ́n omi sí i lára. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, pé yóò sú u. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àìsùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n omi sí i lára, ẹ má sì tíì di etí yín. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín ní ibi tó wúlò sí, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí péré ló lè yanjú. Igbe méjì ni mo rí nínú ohun tí ẹ kọ. Igbe ìdájí ti wà tipẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi kọ́ ọ, ẹ má bínú, a ó sì sọ bí ẹ ṣe máa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Igbe òru ni mi ò fojú kékeré wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ẹran tó ń ké e sì ti di àgbà. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni wọ́n ń gbé irú igbe bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ológbò níwà.

Gbólóhùn kan wà tí ẹ kàn sọ kọjá, òun ló gbà mí lọ́kàn jù: ẹ fi kún oúnjẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Ṣé ó sanra sí i? Ẹ lọ fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn láti èjìká dé ìdí. Bí ọwọ́ yín bá ń ka eegun ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tí itan rẹ̀ sì ti jò, ó ń rù nìyẹn. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn, ẹ gbé e dání kí ẹ gun orí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún dá gùn ún. Ẹ yọ èyí kúrò nínú tòhún, ohun tó ṣẹ́ kù ni ìwọ̀n ológbò. Irun máa ń bo rírù mọ́lẹ̀, ẹni tó sì ń rí ẹran rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè fura. Ológbò àgbà tó ń jẹ sí i tó tún ń rù sí i, ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ wá lára rẹ̀ ni thyroid.

Ẹ̀yà ara kékeré kan ni thyroid, ọrùn ló wà, ó pín sápá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀nà èémí. Òun ló ń pinnu bí ara yóò ṣe yára tó nínú lílo oúnjẹ. Lára ológbò tó ti lé ní ọdún 10, ó máa ń ṣẹlẹ̀ kó wú, kó sì máa da họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tó fi ń darí iṣẹ́ ara, sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wíwú náà kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Àmọ́ ara ẹran náà á máa sáré láìsí ẹni tó ń lé e: àyà á máa lù kìkì, ebi ò ní kúrò nínú rẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, oorun á dá lójú rẹ̀, á wá máa rìn kiri inú ilé lóru, á máa ké. Nígbà míì á tún máa bì, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ọdún 1979 ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa àìsàn yìí lára ológbò bó ṣe yẹ. Lónìí, ó wà lára èyí tí wọ́n ń rí jù lára àwọn ológbò àgbà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn T4, họ́mọ́ọ̀nù tí thyroid ń ṣe, ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ sì wà: oògùn methimazole tí yóò máa lò lójoojúmọ́, oúnjẹ àkànṣe tí iodine (èròjà tí thyroid fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀) inú rẹ̀ kéré gan-an, iṣẹ́ abẹ, tàbí abẹ́rẹ́ iodine tó ní ìtànṣán, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló sábà ń tó.

Mi ò sọ pé ohun tó ń ṣe tiyín nìyẹn o. Mi ò rí i, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà kan ò wọjà, ohun tó lè mú ológbò ọmọ ọdún 12 pariwo lóru sì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ lé àìsàn thyroid àti àìsàn kíndìnrín, ó sì máa ń ba ojú jẹ́. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú lè ṣí kúrò lójijì, kí ológbò tó ríran lánàá má ríran mọ́ lónìí, kó wá dúró sójú kan nínú òkùnkùn kó máa ké. Ẹ tan iná sí i: bí dúdú ojú rẹ̀ bá fẹ̀ gbàgàdà tí kò sún kì nínú ìmọ́lẹ̀, tàbí tó bá ń kọlu nǹkan, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn lè gba ojú náà là. Wọ́n ní bẹ́líìtì kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ológbò lẹ́sẹ̀ tàbí nírù. Ẹ fẹnu ara yín béèrè fún un, torí kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń rántí.

Etí ńkọ́? Ológbò tí etí rẹ̀ ti di kò mọ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ga tó, ṣe ni yóò máa han gooro. Nígbà tó bá kẹ̀yìn sí yín, ẹ pàtẹ́wọ́ láti ibi tí atẹ́gùn ọwọ́ yín kò ti ní kàn án, kí ẹ máa wo etí rẹ̀ bóyá yóò yí.

Ìrora náà ń jí ológbò lóru. Oríkèé tó ń dun ológbò àgbà pọ̀ ju bí àwọn tó ni wọ́n ṣe rò lọ: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ti ya fọ́tò eegun àwọn ológbò tó lé ní ọdún 12, bíi 90 nínú 100 ni àmì rẹ̀ hàn lára wọn. Eyín tó ti jẹrà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ológbò kì í fi ìrora hàn bí ajá ṣe ń fi í hàn, àmọ́ ojú rẹ̀ máa ń sọ ọ́. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi ń ka ìrora lójú ológbò. Ibi márùn-ún ni wọ́n ń wò: etí tó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ojú tó ń dì, imú àti ẹnu tó le, irun ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó nà tààrà síwájú, àti orí tó wálẹ̀ ju èjìká lọ. Ẹ wo ojú tiyín nígbà tó bá jókòó tí kò mọ̀ pé ẹ ń wo òun.

Bí ẹ bá sì rí i pé ara ń ro ó, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ara ríro tí ẹ̀yin ń lò. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára láti fọ́ paracetamol. Hóró kan péré lè pa á. Oògùn oorun èèyàn náà ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ tó ń gbó. Ìwádìí fi hàn pé lára àwọn ológbò tó wà láàárín ọdún 11 sí 14, bíi 28 nínú 100 ni ìwà wọn ti yí padà lọ́nà kan tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì ju ìdajì lọ lára àwọn tó ti pé 15. Àwọn àmì rẹ̀ jọ ohun tí ẹ sọ: dídúró gbọnrangandan sójú kan, fífi ọ̀sán sùn kí ó fi òru rìn, igbe gígùn tí kò nídìí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ tètè gbà á bẹ́ẹ̀. “Ó ti darúgbó ni” ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ológbò máa jìyà àìsàn tó gbóògùn. Ìgbà tí àyẹ̀wò bá ti yọ àwọn yòókù kúrò ni dókítà tó lè sọ pé ọpọlọ ni. Bó bá wá jẹ́ òun, iná kékeré lọ́dẹ̀dẹ̀ lóru máa ń ràn án lọ́wọ́, kí ẹ má sì ṣí àwọn nǹkan ilé kúrò níbi tó mọ̀ wọ́n sí. Bó bá ké, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó lè mọ ibi tí ẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí ológbò wọn kò jọ tiyín. Ẹni tó bá ní akọ tó ń lọ síbi iyanrìn tó ń tọ̀ sí léraléra, tó ń lóṣòó, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde tàbí tó ń kán tó-tó-tó: ẹ pa ohun tí ẹ ń kà tì, kí ẹ gbé e lọ. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti lè dí. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há, wọ́n á sì fi àkókò ṣòfò. Ní ti abo tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó ń ké tọ̀sán-tòru, tó ń yí gbiri nílẹ̀, tó ń gbé ìdí sókè bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò sàìsàn. Akọ ló ń wá. Bíi ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń gbà á, bí kò bá sì rí akọ, yóò tún padà dé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ abẹ ni ìparí rẹ̀, mi ò sì mọ òmíràn tó dáa jù ú.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi gba etí yín gbọ́ nígbà tí ẹ ní ẹ ò gbọ́ irú igbe yẹn rí. Àwọn ológbò àgbà kì í sábà ké míyáù síra wọn. Ọmọ ológbò ló ń ké e sí ìyá rẹ̀; bó bá dàgbà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òórùn, ìrù, etí àti ìdúró ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú kíkùn àti fífín bí ìjà bá dé. Àwa èèyàn ló ń bá ké títí ọjọ́ ogbó, torí ó ti rí i pé a ò gbọ́ èdè ìrù. Mildred Moelk tó tẹ́tí sí ológbò dáadáa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1944 pé ìró 16 ló ń ti ẹnu wọn jáde. Ní ọdún 2009, Karen McComb àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún fi hàn pé bí ológbò kan bá ń fi kíkùn jẹ́jẹ́, irú èyí tó máa ń kùn bí ara bá tù ú, tọrọ oúnjẹ, ó máa ń ki ohùn tín-ín-rín kan bọ inú rẹ̀ tó jọ ẹkún ọmọ ọwọ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ara èèyàn gbà á. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé igbe ológbò tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún àwọn àjèjì láti gbọ́, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó ń tọrọ, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sàn ju ẹni tó kàn ń méfò lọ. Kálukú ológbò ló ń bá ilé tirẹ̀ dá èdè sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ti tiyín fún ọdún 12, bí ẹ bá ní ohùn yìí ṣàjèjì, ẹ̀rí ni mo kà á sí.

Ó wá ku igbe ìdájí. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé, torí bó bá jẹ́ thyroid ló ń ṣe é, ebi gidi ló ń pa á, a kì í sì í kọ́ ẹni tí ebi ń pa ní sùúrù.

Bó ṣe di bárakú nìyí. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àkókò tí ara ológbò ń yá fún ọdẹ. Ó jí, ó ké, ẹ dìde, oúnjẹ dé. Lójú rẹ̀, igbe ló gbé oúnjẹ wá. Ẹ ti lè gbìyànjú láti kọtí ikún láwọn ọjọ́ kan, kó tó wá sú yín. Ìyẹn gan-an ló tún mú kó le sí i. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìwà ẹranko, B. F. Skinner nínú wọn, ti fi eku àti ẹyẹlé hàn pé èrè tó ń dé nígbà míì tí kì í dé nígbà míì máa ń jẹ́ kí ìwà rinlẹ̀ ju èyí tó ń dé nígbà gbogbo lọ. Ẹni tó bá fara da igbe fún ìṣẹ́jú 40 kó tó dìde ti kọ́ ológbò pé ìṣẹ́jú 40 ni kó máa fi ké.

Ohun tó máa tú u ni pé kí oúnjẹ ìdájí má ṣe ti ọwọ́ yín wá mọ́. Ẹ̀rọ wà tó ń ṣí abọ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní aago tí ẹ bá fi sí. Ẹ fi sí aago kan tó ṣíwájú ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké; ìyẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá ké kí ẹ̀rọ tó ṣí, ẹ̀rọ náà ló máa máa ké sí. Bó bá ti mọ́ ọn lára, kó máa lọ dúró ti abọ́ dípò ibùsùn yín, ẹ wá máa fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 sún aago náà kó máa pẹ́ sí i, ní ọjọ́ mélòó kan síra wọn. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, ẹ já okùn tó wà láàárín ìdìde yín àti oúnjẹ: ẹ dìde, ẹ wẹ̀, ẹ múra, ẹ ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ tó bu oúnjẹ ní ìgbà tó bá dákẹ́, kì í ṣe nígbà tó ń ké.

Ẹ múra sílẹ̀ o, yóò kọ́kọ́ burú sí i. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí kì í padà lẹ́yìn bí kò bá ṣí lọ́jọ́ kan. Ṣe ni yóò kàn án kíkankíkan. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni igbe náà lè fi ga kó tó rọlẹ̀, àsìkò yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń juwọ́ sílẹ̀. Ẹ bá ọmọkùnrin yín sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń yọ́ bu oúnjẹ fún un lẹ́yìn yín, òfò ni.

Iṣẹ́ alẹ́ náà ń ran ìdájí lọ́wọ́. Nínú igbó, ológbò á ṣọdẹ, á pa, á jẹ, á lá ara rẹ̀, á sùn. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ẹ fi okùn tàbí ìyẹ́ tó so mọ́ ọ̀pá bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 10, kó lé e, kó mú un, kó má jẹ́ pé lílé nìkan ni. Ológbò àgbà lè fi ìdùbúlẹ̀ ṣe tirẹ̀, kó máa fi ọwọ́ gbá a. Ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé oúnjẹ tó gbẹ̀yìn ọjọ́ sílẹ̀. Ikùn ológbò kéré, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló bá a lára mu ju ẹ̀ẹ̀méjì ńláńlá lọ, nítorí náà ẹ má fi kún iye tó ń jẹ, ẹ kàn pín in.

Omi tí ọmọ yín ní kí ẹ máa fọ́n, ẹ bá mi dá a lóhùn pé ológbò ò ní so omi náà pọ̀ mọ́ igbe. Ọwọ́ tó ń fọ́n ọn ni yóò rántí. Ẹ̀rù á máa bà á sí yín, ìdààmú sì wà lára ohun tó ń dá àrùn àpò ìtọ̀ sílẹ̀ lára ológbò. Èyí tó tún dùn mí ni pé ẹran tó ṣeé ṣe kó má ríran, tàbí kí ara máa ro ó, lẹ fẹ́ fi omi lù ní aago 2 òru.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ká igbe òru náà sílẹ̀, àwòrán àti ohùn rẹ̀ pọ̀. Ológbò kì í ké e níwájú dókítà. Ẹ kọ aago tó ń bẹ̀rẹ̀, bóyá ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn tó bá tọ̀, àti bóyá omi tó ń mu ti pọ̀ sí i. Ẹ gbé àpótí tí ẹ fi ń gbé e jáde kalẹ̀ láti òní, kí ẹ tẹ́ aṣọ tó ń sùn lé sínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè ni ti ẹ̀jẹ̀, T4 pẹ̀lú kíndìnrín, ti ìtọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì wo ẹnu àti oríkèé rẹ̀. Bó bá jẹ́ thyroid tí wọ́n sì fún un ní oògùn, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, àsìkò yẹn ló yẹ kí igbe òru ti máa lọ sílẹ̀. Igbe ìdájí ò ní tìtorí oògùn lọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ oúnjẹ jáde.